Rẹsítọ̀ àtijọ́ fún amplifier gìtá Ẹ̀gbọ́n: bí mo ṣe wá wọn, bí mo ṣe ṣà wọ́n

Oṣù kẹrin rèé tí iṣẹ́ yìí ti wà lórí tábìlì mi, ó ti parí báyìí, mo sì fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ kó tó kúrò lórí mi, torí mo mọ̀ pé ẹlòmíì náà ń bẹ tó fẹ́ kọ́ amplifier oní-fáàfù (fáàfù ni ìgò iná tó ń gbé ohùn ga) fúnra ẹ̀ tí kò mọ ibi tó ti máa rí rẹsítọ̀ ayé ọjọ́un (pátì kékeré tó ń dín iná kù) rà, tó bá sì tiẹ̀ rí i rà, kò mọ èyí tó yẹ kó mú àti èyí tó yẹ kó fi sílẹ̀.

Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló níṣẹ́. London níbí la jọ wà, gìtá jùjú ni wọ́n ń ta, kò sí Sátidé tí wọn kì í ròde, bí kò bá jẹ́ ìkómọ á jẹ́ ọjọ́ ìbí 60 ọdún, bí kò bá jẹ́ ìyẹn á jẹ́ òkú àgbà. Wọ́n ní àwọn fẹ́ hẹ́ẹ̀dì 50 wáàtì (amplifier tí sípíkà ẹ̀ dá dúró lọ́tọ̀), irú èyí tí Marshall ń ṣe ní ìparí àwọn ọdún 1960, nítorí irú ẹ̀ wà nínú báńdì tí wọ́n bá ṣeré n'Íbàdàn kí wọ́n tó wá sí ìlú oyìnbó, ohùn ẹ̀ ò sì kúrò létí wọn títí dòní. Wọ́n wá ní, "Àbúrò, ohun kan ni mo fẹ́ bẹ̀ ọ́. Bí gángan bá ń sọ̀rọ̀ tí a ní kí gìtá sinmi, mo fẹ́ kó sinmi lóòótọ́. Mi ò fẹ́ èyí tí á máa ṣe ṣááá lẹ́yìn wa bí òjò orí páànù." Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo fi ṣe ìwọ̀n fún gbogbo ohun tí mo rà, ẹ máa rí i bí ẹ ṣe ń kà á lọ.

Fún ẹni tí kò bá mọ̀tàn ẹ̀: Jim Marshall, onílù ni, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù ohun èlò orin sí Hanwell, ìwọ̀ oòrùn London níbí, ní 1960. Nígbà tó fi máa di 1962, òun àti Ken Bran àti ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Dudley Craven ti kọ́ amplifier tiwọn, amplifier Bassman 5F6-A ti Fender, ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà, ni wọ́n wò kọ́ ọ, àmọ́ ohun tó wà lọ́jà London ni wọ́n fi rọ́pò pátì Amẹ́ríkà tí kò sí nílẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rẹsítọ̀ ti yàtọ̀. Fender ní tiwọn, kábọ́ọ̀nù alápòpọ̀ ni wọ́n ń lò, irú ti Allen-Bradley, ìyẹn lúbúlúbú kábọ́ọ̀nù tí wọ́n pò mọ́ nǹkan tó ń lẹ̀ tí wọ́n wá tẹ̀ pọ̀. Ti Marshall, nígbà tó yá, kábọ́ọ̀nù fíìmù ló kún inú ẹ̀, èyí tí wọ́n sì máa ń dárúkọ jù nínú wọn ni Piher, ilé iṣẹ́ ará Spéènì ní Badalona lẹ́bàá Barcelona. Àwọn tó ń kọ́ irú amplifier yìí lónìí, Piher ni wọ́n ń wá kiri bí ẹni ń wá góòlù, tí wọn ò bá rí i wọ́n á wá Iskra, tó wá láti Slovenia nígbà tí ibẹ̀ ṣì wà lábẹ́ Yugoslavia.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe kábọ́ọ̀nù fíìmù, torí ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ṣe é ló máa mọ ibi tó ti lè bàjẹ́. Ọ̀pá tánganran kékeré ni wọ́n á kó sínú ààrò tó gbóná tó bíi 1,000 °C, wọ́n á tú gáàsì tó ní kábọ́ọ̀nù sí i, kábọ́ọ̀nù yẹn á wá lẹ̀ mọ́ ara ọ̀pá bí èéfín igi ṣe ń lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò. Wọ́n á dé e ní fìlà irin kékeré lórí àti nídìí. Wọ́n á wá gé ojú kábọ́ọ̀nù yẹn yípo, bí ẹni tó ń fi ọ̀bẹ bó ọsàn láìjẹ́ kí èèpo já, ọ̀nà tí iná máa gbà á wá gùn, á tún tẹ́ẹ́rẹ́, bí èèpo yẹn bá ṣe gùn tó tó sì tẹ́ẹ́rẹ́ tó ni iye ọ́ọ̀mù (ìyẹn bó ṣe ń dá iná dúró tó) á ṣe pọ̀ tó. Lẹ́yìn ìyẹn wáyà, lẹ́yìn wáyà ọ̀dà, lẹ́yìn ọ̀dà ìlà àwọ̀. Torí náà ibi méjì ló wà tí rẹsítọ̀ yìí ti lè dà èèyàn: ojú èèpo ọsàn yẹn, àti ibi tí fìlà irin ti bá kábọ́ọ̀nù pàdé. Ẹ fi fìlà yẹn sọ́kàn.

Ọ̀sẹ̀ 1 sí 3: wíwá

Láyé àwọn bàbá wa tó kọ́kọ́ wá síbí, kò ju kí èèyàn rìn dé Lisle Street ní Soho tàbí Tottenham Court Road, ibẹ̀ ni àwọn tó ń ta pátì rédíò kún sí, títí kan ẹrù tí ṣọ́jà tà dànù lẹ́yìn ogun Hitler. Lónìí ilé oúnjẹ àwọn ará Ṣáínà ló wà ní Lisle Street. Ó dùn mí gan-an pé mi ò bá ìgbà yẹn.

Mo kọ́kọ́ lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, bí gbogbo ayé ṣe ń ṣe. Mo rí ẹnì kan tó ń ta rẹsítọ̀ Soviet, ó kọ ọ́ gàdàgbà pé kábọ́ọ̀nù fíìmù ni, kò tíì ṣiṣẹ́ rí, 100 péré ni mo rà láti fi dán an wò. Nígbà tó dé, mo fi awò wo ara ẹ̀, МЛТ ni wọ́n kọ sí i lára. МЛТ kì í ṣe kábọ́ọ̀nù o, mẹ́tàlì fíìmù ni! Èyí tó jẹ́ kábọ́ọ̀nù lára ti Soviet ni ВС. Rẹsítọ̀ tó dáa ni МЛТ, mi ò ní í sọ̀rọ̀ ẹ̀ láìdáa, mo ti lò ó síbòmíì láti ìgbà yẹn, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí mo sanwó fún nìyẹn, ẹni tó tà á ò sì fèsì lẹ́tà mi títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Tí ẹ bá fẹ́ rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ ní kí wọ́n ya fọ́tò ara rẹsítọ̀ gan-an, kí lẹ́tà tó wà lára ẹ̀ hàn, ẹ má gba fọ́tò páálí.

Èkejì, ìyàwó mi ní rédíògírámù bàbá àwọn ṣì wà ní pálọ̀ n'Íbàdàn, ti Jámánì, èyí tó ga bíi kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n fẹ́ gbé e dànù. Mo mọ̀ pé àwọn ará Jámánì ti ń lo kábọ́ọ̀nù fíìmù tipẹ́tipẹ́ nígbà tí Amẹ́ríkà ṣì wà lórí alápòpọ̀, ọkàn mi fò sókè. Àbúrò ìyàwó mi tú ìdí ẹ̀, ó ya fọ́tò ránṣẹ́, lóòótọ́ wọ́n wà níbẹ̀, mo bá ní kó gé 22 nínú wọn fún mi kó sì fi rán ẹni tó ń bọ̀. Àṣìṣe ni. Wáyà wọn ti kúrú torí wọ́n ti lọ́ ọ mọ́ ẹsẹ̀ fáàfù láti ìbẹ̀rẹ̀, iye tó pọ̀ jù nínú wọn kì í ṣe èyí tí mo nílò, ẹ̀ẹ̀rùn àti òjò Ìbàdàn láti nǹkan bíi 60 ọdún sì ti ṣiṣẹ́ lára wọn. Mẹ́sàn-án péré ló ṣì wà nínú ìwọ̀n. Ká ní mo mọ̀ ni, ǹ bá ní kí wọ́n fi rédíò yẹn sílẹ̀ lódindi bó ṣe wà, kí n tún un ṣe fún wọn nígbà tí mo bá délé. Mo ti bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má gbé e dànù, mo máa dá rẹsítọ̀ tuntun padà síbẹ̀ ní Kérésì.

Ọ̀sẹ̀ 4: ọjọ́ tí mo rí wọn

Ẹgbẹ́ kan wà níbí, British Vintage Wireless Society, wọ́n máa ń pàtẹ ọjà ní Royal Wootton Bassett ní Wiltshire, ẹ̀gbẹ́ Swindon. Mo kúrò nílé láago márùn-ún ìdájí. Tí ẹ bá lọ síbẹ̀ ẹ máa rò pé ọjà Alába tàwọn bàbá àgbà ni, rédíò onígi, fáàfù nínú páálí, mítà onírin, wáyà aláṣọ.

Lábẹ́ tábìlì bàbá kan ni mo ti rí dúrọ́ọ̀ onírin mẹ́ta, wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe kan tó ti palẹ̀ mọ́ ló ti wá. Rẹsítọ̀ kún ibẹ̀, wọ́n tẹ̀ wọ́n mọ́ bébà gígùn lọ́wọ̀ọ̀wọ́ bí ọta lára ìgbànú ṣọ́jà, orúkọ Piher sì wà lára páálí tó wà nísàlẹ̀. Mo kúnlẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀. Mo bi bàbá pé ṣé mo lè fi mítà mi wọ̀n wọ́n kí n tó rà, wọ́n ní kò sí wàhálà, wọ́n tún fún mi ní àga. Bó bá ṣe ẹ̀yin, ẹ máa bèèrè, àwọn àgbà tó ń ta irú ọjà báyìí fẹ́ràn ẹni tó bá mọ ohun tó ń wá, wákàtí kan ni bàbá fi ń sọ fún mi bí wọ́n ṣe ń tún tẹlifíṣọ̀n aláwọ̀ ṣe láyé ìgbà náà.

Mo ra 100k ààbọ̀ wáàtì, 60 (k ni ẹgbẹ̀rún ọ́ọ̀mù, M ni mílíọ̀nù). Mo ra 470k 40, 68k 20, 1M 20, 820 ọ́ọ̀mù 10, 82k 10, 56k 10. Nínú dúrọ́ọ̀ kejì mo rí Iskra 1 wáàtì, 100k àti 10k, mo kó gbogbo ẹ̀. 100k márùn-ún péré ni amplifier yìí nílò, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ohun tí wọn ò ṣe mọ́ nìyí, ẹ̀ẹ̀kan lèèyàn máa ń pàdé dúrọ́ọ̀ bẹ́ẹ̀, àti pé láàárín ọ̀pọ̀ lèèyàn ti lè ṣa èyí tó dáa.

Ọ̀sẹ̀ 5 àti 6: ṣíṣà

Ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ kà nìyí. Orúkọ tó wà lára páálí kọ́ ló ń ta gìtá. Piher tó ti bàjẹ́, rẹsítọ̀ tó ti bàjẹ́ ni. Gbogbo ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni mo wọ̀n, mo lẹ bébà kékeré mọ́ ọn, mo kọ iye sí i.

Ìlà góòlù tó wà níparí túmọ̀ sí pé ó lè fi 5% lé tàbí kó fi 5% dín. 100k, ìyẹn àwọ̀ ilẹ̀, dúdú, yẹ́lò, góòlù, ó gbọ́dọ̀ wà láàárín 95k sí 105k. Nínú 60, mẹ́rin ló jáde síta. Ìyẹn dáa gan-an fún ohun tó ti wà nínú dúrọ́ọ̀ láti bíi 50 ọdún. Alápòpọ̀ ní tiẹ̀, ó máa ń mu ọ̀rinrin, iye ẹ̀ á sì máa gòkè bí ọdún bá ṣe ń gorí ọdún, mo ti yọ 100k nínú amplifier Amẹ́ríkà rí tó ti di 130k.

Ṣùgbọ́n mítà tí bátìrì 9 fọ́ltì ń gbé kò lè sọ gbogbo òótọ́ fún wa. Iná tó máa kọjá lára ẹ̀ nínú amplifier ju ìyẹn lọ fíìfíì. Torí náà mo fi ọ̀kọ̀ọ̀kan 100k sẹ́nu iná 200 fọ́ltì, mílíáńpù méjì á gba ibẹ̀ kọjá, 0.4 wáàtì nìyẹn, ó súnmọ́ òpin agbára ẹ̀ àmọ́ kò kọjá. Mo to mítà sójú ọ̀nà kí n lè máa wo mílíáńpù yẹn, mo fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Kábọ́ọ̀nù tó bá ti gbóná, iye ẹ̀ á sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀, ìwà ẹ̀ nìyẹn. Èyí tó jẹ́ 100.8k nígbà tó tutù di bíi 99k nígbà tó gbóná, nígbà tó tún tutù ó padà sí 100.8k. Irú ẹ̀ ni mo fẹ́. Ohun tí mo ń wá ni nọ́ńbà tó dúró, tàbí tó ń sọ̀ jẹ́jẹ́. Mẹ́ta wà tí nọ́ńbà wọn ń fò, 2.01, 1.97, 2.03, 1.99, bí ẹni tí ara ẹ̀ ò balẹ̀, mo yọ wọ́n kúrò. Lórí mítà lásán, ẹ ò lè mọ̀ wọ́n yàtọ̀ sí àwọn yòókù. (Ẹ ṣọ́ra o, 200 fọ́ltì kì í ṣe ohun ìfọwọ́kàn. Ẹ pa iná kẹ́ ẹ tó yọ ọ́, kẹ́ ẹ sì dúró kó lọ tán.)

Ariwo ńkọ́? Ọ̀nà méjì ni rẹsítọ̀ ń gbà pariwo. Ọ̀kan wà tó jẹ́ ti ooru, kò sí rẹsítọ̀ tí kò ní í, bó jẹ́ wúrà ni wọ́n fi ṣe é, iye ọ́ọ̀mù kan náà, ooru kan náà, ariwo kan náà. Èkejì ni èyí tó ń wá láti ara ohun tí wọ́n fi ṣe é, ìyẹn ni alápòpọ̀ fi ń pariwo jù, kábọ́ọ̀nù fíìmù tẹ̀lé e, mẹ́tàlì fíìmù sì dákẹ́ jù. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ ni pé èkejì yìí kì í jáde àfi tí iná dáírẹ́ẹ̀tì (èyí tó ń lọ sí ọ̀nà kan ṣoṣo bíi ti bátìrì) bá ń gba ara rẹsítọ̀ kọjá. Bí fọ́ltì tó dúró lé e lórí bá ṣe pọ̀ tó ni á ṣe pariwo tó. Kò síná, kò sáriwo.

Nígbà tí èyí yé mi, gbogbo iṣẹ́ yí padà. 68k tó wà lẹ́nu ọ̀nà fáàfù àkọ́kọ́, tí gbogbo èèyàn ń bẹ̀rù, kò sí iná dáírẹ́ẹ̀tì kankan lára ẹ̀, torí náà kábọ́ọ̀nù àtijọ́ níbẹ̀ kò pariwo ju mẹ́tàlì lọ. 470k tó ń da sánẹ́ẹ̀lì méjèèjì pọ̀ náà nìyẹn. 56k inú tóònù (ibi tí wọ́n ti ń yí bí ohùn ṣe ń dún) náà nìyẹn, kàpásítọ̀, tí kì í jẹ́ kí iná dáírẹ́ẹ̀tì kọjá, dí i lọ́nà. Àmọ́ 100k tó wà lórí páléètì (ẹsẹ̀ tí ohùn ti ń jáde) fáàfù àkọ́kọ́, 100 fọ́ltì ló dúró lé e lórí látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ohunkóhun tó bá sì sọ níbẹ̀, gbogbo fáàfù tó kù ló máa gbé e ga. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Ẹ̀gbọ́n wà. Ibẹ̀ ni gángan ti máa mọ̀ bóyá gìtá sinmi.

Mo wá so ECC83 kan, irú fáàfù kékeré tó wà lẹ́nu ọ̀nà, mọ́ pákó, mo fi kílíìpù mú 100k kọ̀ọ̀kan sórí páléètì ẹ̀, mo fi ẹ̀fóònù gbọ́ ọ. Òru ni mo ń ṣe é, nígbà tí ilé bá ti dákẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn bára mu, ohùn tútù bí afẹ́fẹ́ tó ń gba ẹnu fèrèsé kọjá. Díẹ̀ dákẹ́ ju àwọn yòókù lọ. Méjì tó dákẹ́ jù ni mo fi tẹ́ẹ̀pù pupa lẹ̀, 100.8k àti 101.1k.

Ọ̀sẹ̀ 8 sí 11: kíkọ́

Mi ò fi rẹsítọ̀ àtijọ́ síbi gbogbo, mo sì fẹ́ sọ ìdí ẹ̀. Ibi tó jẹ́ pé bí rẹsítọ̀ bá kú fáàfù máa jóná, tuntun ni mo fi síbẹ̀. Báyáàsì EL34 (EL34 ni fáàfù ńlá tó ń ti sípíkà, báyáàsì ni fọ́ltì tó ń dá a lẹ́kun), mẹ́tàlì fíìmù tuntun ni gbogbo ẹ̀, torí bí fọ́ltì yẹn bá sọnù, páléètì EL34 á pọ́n bí irin alágbẹ̀dẹ, kí èèyàn tó dé ibẹ̀ tàràǹsífọ́mà ti ń rùn. 1k tó wà lórí sìkíríìnì EL34 (ẹsẹ̀ ẹ̀ kan), oníwáyà 5 wáàtì ni, kábọ́ọ̀nù ò gbọ́dọ̀ débẹ̀ rárá.

Èyí tó gba fáàfù àkọ́kọ́ dé ibi tí wọ́n ti ń pín ohùn sí méjì fún EL34, kábọ́ọ̀nù fíìmù àtijọ́ ni gbogbo ẹ̀. Lábẹ́ fáàfù kejì 100k kan wà tí bíi 170 fọ́ltì dúró lé e lórí, 0.29 wáàtì nìyẹn, ààbọ̀ wáàtì lè gbé e ṣùgbọ́n ara ẹ̀ á máa gbóná ní gbogbo ìgbà, Iskra 1 wáàtì ni mo fi síbẹ̀. Fún tóònù, mo lo 56k àti kàpásítọ̀ 250pF bíi ti Bassman dípò 33k tí Marshall wá ń lò lẹ́yìn náà, mo sì fi 27k sí fíídíbáàkì (ọ̀nà tí ohùn díẹ̀ ti ń padà láti ẹ̀yìn sínú) kí ohùn lè mọ́, nítorí jùjú kì í ṣe rọ́ọ̀kì, gìtá mẹ́ta mẹ́rin ló ń fèsì fúnra wọn lẹ́ẹ̀kan náà, bí ọ̀kan bá ń ya gbẹ̀ẹ̀gbẹ̀ẹ̀ ó máa bo àwọn yòókù mọ́lẹ̀.

Wáyà rẹsítọ̀ àtijọ́ ti ṣú. Tí ẹ bá fi lẹ́ẹ̀dì jó o bẹ́ẹ̀, kò ní í mú, ẹ ó wá máa fi áyọ́ọ̀nù sun ún títí ooru á fi wọ inú. Ọ̀bẹ tí kò mú ni mo fi ha wáyà náà yípo títí ó fi dán, mo fi lẹ́ẹ̀dì bo orí ẹ̀ tẹ́lẹ̀, lẹ́yìn náà ni mo fi kílíìpù irin há a láàárín ara ẹ̀ àti ibi tí mo fẹ́ jó kí kílíìpù bá wa mu ooru. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, ó ti mú.

Ọ̀sẹ̀ 12: iná àkọ́kọ́

Mo to gílóòbù 60 wáàtì sójú ọ̀nà iná ilé, bí nǹkan bá ti so pọ̀ níbi tí kò yẹ, gílóòbù á tàn gbòò. Ó tàn fírí, ó sì ṣú. Mo fi EL34 sí i, mo ṣe báyáàsì títí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi ń gba mílíáńpù 36 lórí 430 fọ́ltì. Lórí fáàfù àkọ́kọ́, 300 fọ́ltì dé orí 100k, 200 fọ́ltì ló kù lórí páléètì, 1.6 fọ́ltì lórí 820. Gbogbo ẹ̀ bá ara wọn mu. Mo so sípíkà mọ́ ọn, mo gbọ́ ìdákẹ́jẹ́. Inú mi dùn débi pé mo pe Ẹ̀gbọ́n lórí fóònù kí wọ́n wá fetí gbọ́ ohun tí kò sí.

Lẹ́yìn 20 ìṣẹ́jú ló bẹ̀rẹ̀ sí í ta pàrà. Ó ta lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́. Ó tún ta ẹ̀ẹ̀mejì. Nígbà tó yá ó ń ta pàràpàrà bí iyọ̀ tó bọ́ sínú epo gbígbóná.

Ẹ má sáré yọ nǹkan. Mo yí fólúùmù sẹ́yìn pátápátá, ariwo yẹn kú. Ó jẹ́ pé ibi tó wà ṣáájú fólúùmù ló ti ń wá, ìyẹn fáàfù àkọ́kọ́ àti ohun tó yí i ká. Mo pààrọ̀ ECC83, ó ṣì ń ta. Mo mú igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí àwọn ará Ṣáínà fi ń jẹun, mo rọra ń fi kan rẹsítọ̀ níkọ̀ọ̀kan, iná ṣì wà lára ẹ̀ o, ọwọ́ kejì wà nínú àpò mi. 68k, kò sọ nǹkan. 820, kò sọ nǹkan. Mo fi igi kan 100k àkọ́kọ́, sípíkà ní GBÀÀ!

Mo pa iná, mo fi rẹsítọ̀ oníwáyà fa iná tó ṣẹ́kù nínú kàpásítọ̀ títí mítà fi ka òdo, mo yọ 100k yẹn. Ọ̀kan lára àwọn tó ní tẹ́ẹ̀pù pupa ni. Mo fi mítà wọ̀n ọ́n, 100.8k, bí mo ṣe kọ ọ́ sílẹ̀ gẹ́lẹ́. Mo fi sẹ́nu 200 fọ́ltì, nọ́ńbà bẹ̀rẹ̀ sí í fò. Mo fi awò alágogo wò ó lábẹ́ iná tábìlì: ní ẹ̀gbẹ́ kan, níbi tí wáyà ti jáde lára fìlà irin, ọ̀dà ti sán, ìlà kan bí irun orí yí ọrùn ẹ̀ po, nígbà tí mo fi èékánná kan wáyà, fìlà náà mì. Mo rántí. Ibi tí mo fẹ́ fi í sí lórí pákó ti há díẹ̀, mo bá tẹ wáyà ẹ̀ ní ìdí gan-an láti jẹ́ kó wọlé. Èmi ni mo ṣẹ́ ọrùn ẹ̀. Ó ti wà fún 50 ọdún láìsí nǹkan tó ṣe é, ó yege lórí iná, ó yege létí mi, ọwọ́ mi ló pa á.

Látìgbà náà, pílíà onímú tẹ́ẹ́rẹ́ ni mo fi ń di wáyà mú lẹ́bàá ara rẹsítọ̀, mílímítà mẹ́ta ó kéré tán, ẹ̀yìn pílíà ni mo ti ń tẹ̀ ẹ́, kí ọrùn ẹ̀ má mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ń tẹ nǹkan. Mo tú gbogbo èyí tí mo ti tẹ̀ mọ́ ìdí, méje ni wọ́n, mo dá wọn padà sórí 200 fọ́ltì, ọ̀kan tún ń fò nínú wọn. Mo pààrọ̀ méjèèjì. Mo fi amplifier sílẹ̀ fún wákàtí mẹ́fà ní Sọ́ńdè, kò ta mọ́.

Ọ̀sẹ̀ 16

Àárín ọ̀sẹ̀ ni Ẹ̀gbọ́n wá lẹ́yìn iṣẹ́, wọ́n gbé gìtá lọ́wọ́. Mo ti tan amplifier kalẹ̀ dè wọ́n. Wọ́n jókòó, wọ́n kọ ojú sí sípíkà, wọ́n ní, "Ṣé o ti tan án?" Mo ní, "Ó ti wà lórí iná láti bíi wákàtí kan, sà." Wọ́n dìde, wọ́n gbé etí sún mọ́ aṣọ sípíkà, wọ́n wo ojú mi, wọn ò sọ nǹkan. Wọ́n so gìtá mọ́ ọn, wọ́n ta ohùn kan tí mo mọ̀ láti kékeré, èyí tí wọ́n máa ń fi ki ẹni tó ń náwó, wọ́n gbé ọwọ́ lé okùn, ó dákẹ́. Wọ́n tún ta á. Ó tún dákẹ́. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ tó ìgbà mẹ́rin, ìyàwó mi ní ìdáná ti ń fi ṣíbí lu ìdérí ìkòkò láti dá wọn lóhùn.

100k ààbọ̀ wáàtì tó ṣẹ́kù, mo kó wọn sínú agolo Bournvita, bébà wọn ṣì wà lára wọn. Ó ku kí n fi páànù bo ẹ̀yìn amplifier kí ọwọ́ ọmọdé má débẹ̀, mo máa ṣe é lálẹ́ ọ̀la. Sátidé ló máa kọ́kọ́ ròde, mo ti kó ECC83 kan, EL34 méjì àti fíúsì sínú àpò kékeré, mo so ó mọ́ ìmú ẹ̀.